Ojú-Ìwé Kẹrin

Àárọ̀ Mọ́ńdè, ní àjà kejì ilé ìjọba ní Èbúté Mẹ́ta,
fáànù ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn.
Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo ka àwọn tó sá lọ.

Ìwé ọjọ́ ìbí ni wọ́n wá gbà lórí ẹ̀rọ.
Nínú ọgọ́rùn-ún tó kanlẹ̀kùn wa,
mọ́kànlélógún péré ló gba òdìkejì jáde.
Ìyókù dà?
Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ ní, "Ìkánjú ló ń pa ará Èkó.
Wọn ò lè jókòó ka ohun tí a kọ."
Ó buwọ́ lu ìròyìn, ó lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n òǹkà kì í parọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bi.
Mo ní, níbo ni wọ́n ti ń ṣẹ́rí padà?
Ó ní, ojú-ìwé kẹrin.
Mo ní, nígbà wo?
Ó ní, aago méjì òru, nígbà tí dátà bá dọ̀pọ́kú.
Ó ní fóònù kan wà tó gbìyànjú nígbà mọ́kànlá lóru ọjọ́ kan,
ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n dá a padà, ó tẹ̀ ẹ́, wọ́n dá a padà,
bí ẹni ń kí àna tí kò dáhùn.
Mo ní, ta ni?
Òǹkà dákẹ́. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ nìyẹn.

Mo sọ̀kalẹ̀.
Níwájú kàǹtà, àwọn tí ẹ̀rọ lé ti tò sínú oòrùn,
èrò tí a ní kò ní sí mọ́ bí ẹ̀rọ bá dé.
Ìyá arúgbó kan na fóònù rẹ̀ sí mi,
gíláàsì rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn:
"Bá mi wò ó. Òkè Pópó ni mo ti wá.
Wọ́n ní ọmọ-ọmọ mi ò lórúkọ."

Mo wò ó. Ẹkúndayọ̀.
Àmì lórí, àmì nísàlẹ̀, kò fi ọ̀kan sílẹ̀
(olùkọ́ ni í ṣe rí; ọmọ tó bá gbàgbé àmì, ẹgba ni).
Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà pupa, lédè Gẹ̀ẹ́sì,
pé orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ.
Ní Èkó. Lórí ẹ̀rọ ìjọba Èkó.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ta ló wo ilé kó tó kọ́ ẹ̀rọ yìí?

Ìlà kan ṣoṣo ni Jọláyẹmí tún kọ.
Búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tán tó fi parí.
Gbogbo oṣù tí a fi pe ènìyàn ní aláìnísùúrù,
àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ni.

Ìlà ara ògiri ti ń gòkè báyìí, Ọ̀gá ń fi han àlejò.
Nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kàndínláàádọ́rin ló ń jáde.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà há mi lẹ́nu:
mọ́-kàn-dín.
Èdè tó ń kà báyìí kì í jẹ́ kí o gbàgbé ẹni tó dín;
kó tó pe àádọ́rin, ó ti ka ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀.

Ìyá Òkè Pópó kò padà wá.
Mo ní kó máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ti kọjá.
Mo ń wo aago méjì òru lójú kọ̀ǹpútà.
Ojú-ìwé kẹrin ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.
Fóònù ọjọ́sí kò kanlẹ̀kùn.