Igbá Ìjàpá

Ó gbé e wá nínú àpò ìrọ̀rí, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta,
ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì mi l'Òkè-Ẹ̀sà
bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn kalẹ̀.
Gìtá bàbá rẹ̀. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Òṣómàáló ni bàbá ọ̀hún, Fámúrewá,
aṣọ ló ń tà láwìn láti Iléṣà títí wọ Èkìtì.
Gbèsè kan wà tó lóṣòó tì ní Ìjerò títí ilẹ̀ fi ṣú:
owó ò jáde, gìtá ló jáde.
Bó ṣe di onígìtá nìyẹn.

"Àwo àyà rẹ̀ ló fọ́," Ìbídọlápọ̀ wí.
Mo wò ó. Àwọ̀ igbá ìjàpá,
bí ẹni da kọfí sínú oyin.
Ó là láti ojú ìṣó kan dé ojú ìṣó kejì,
igun kan ti jẹ lọ.

Mo kéré tí wọ́n ti pàlọ́ ọ̀hún fún mi:
Ìjàpá já láti òkè ọ̀run, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángáyángá,
wọ́n ṣà á jọ, wọ́n tò ó, wọ́n lẹ̀ ẹ́.
Apàlọ́ ò sọ irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n lò.
Mo ṣì ń bi ìyá àgbà léèrè lójú oorun.

Súpágúlù ló kọ́kọ́ yọjú, ara rẹ̀ máa ń yá jù:
kí o tó pe Jésù, ó ti so ìka rẹ pọ̀.
Ṣùgbọ́n kò mọ títẹ̀,
èéfín rẹ̀ a sì kun ohun dúdú lẹ́fun.
Mo fi lẹ bọ́tìnnì rédíò tíṣà kan lọ́dún tó kọjá,
títí dòní a kì í kí ara wa dáadáa.

Arádáìtì, ọmọ ìyá méjì inú túùbù:
lára irin, ọba ni.
Lára ike yìí, àlejò ni,
yóò sùn lójúde, kò ní wọ yàrá.

Gọ́ọ̀mù oníbàtà ń fà bí ilá.

Ìlérí, ọmọ iṣẹ́ mi, ní ká yọ́ fóòmù funfun
sínú bẹntiróòlù, bí àwọn tó ń lẹ báàfù.
Mo ní ìwọ ọmọ yìí, o mọ ohun tí ike yìí jẹ́?
Òwú ni, òwú tí wọ́n fi oògùn sọ di ike,
ó ń jó bí ẹ̀tù.
Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná.
Ó dáa. Kẹ́nikẹ́ni má wá a nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lónìí.

Ó ku asitóònù,
omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò léèékánná.
Kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Kò lẹ nǹkan kan.
Ó kàn ń rán ike létí ìgbà tó jẹ́ omi ni.
Mo kán ẹyọ kan sí abẹ́, níbi tójú ò tó,
mo dúró. Ó rọ̀. Ó gbà.

Mo wá fi fáìlì ha ìdí àwo náà fúnra rẹ̀,
eruku rẹ̀ bí áásà,
mo pò ó mọ́ asitóònù títí ó fi ki bí ògì,
mo fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ọ sójú ọgbẹ́.
Ara rẹ̀ ni mo fi di ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta, ọyẹ́ ń fẹ́, n ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.
Mo fẹ ojú àwọn ìṣó díẹ̀,
nítorí ike a máa sún kì bó bá ń dàgbà;
ohun tó ń sún tí a kàn mọ́lẹ̀, yóò là.

Ìbídọlápọ̀ dé, ó fìka tọ ojú ìlà náà.
"Ó ṣì hàn." Mo ní, "Lọ wo ìjàpá."
Mo ní kí n bá a dí igun tó jẹ yẹn.
Ó ní rárá o, kò fọ́,
ibẹ̀ ni ọmọńdinrín bàbá òun máa ń sinmi lé.

Ó san ìdajì. Ó ní ìyókù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
Mo wo gìtá, mo wo ọmọ Fámúrewá,
mo fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo lóṣòó.