Ibi Tó Tẹ̀ Yẹn, Tèmi Ni

Aago méjì òru ni wọ́n mú iná wá ní Kafanṣan.
Mo ti ń retí rẹ̀ bí àlejò tí kì í dá ọjọ́.
Mo rọra ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé,
mo ká aṣọ kúrò lórí léètì,
ògbólógbòó tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó tú ilé iṣẹ́ aṣọ palẹ̀ ní Kàdúná:
eyín rẹ̀ méjì ti kán,
ó ń han-anrun bí àgbà tó jẹun yó.
Ọyẹ́ ń jà. Irin tutù débi pé ó ń bu ọwọ́ jẹ.

Mo fi ọ̀pá idẹ há a lẹ́nu,
ọ̀pá tó ti gbé kọ́tìnnì rí nígbà ayé rẹ̀ àkọ́kọ́.
Ọ̀bẹ kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó,
èérún rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra bí irun ọmọ ọwọ́,
ó ń gbóná bọ́ sínú bàtà mi,
n kò gbọn ẹsẹ̀.
Imú agolo epo ni mò ń gbẹ́,
kó sanra nídìí, kó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè bí ìrù eku,
kí ihò inú rẹ̀ má ju abẹ́rẹ́ lọ.
Irin ìlùhò kan dá sínú rẹ̀ níjẹta.
Òmíràn dá lánàá.
Bóbáì tó ń jó irin ní òdìkejì títì ní,
"O ò kúkú ra ti Ṣáínà lọ́jà,
èyí pupa yẹn. Kò wọ́n."
Mo ní mo mọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi fepo sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ojú irin,
agolo kan ṣoṣo náà ni.
Kọ́tọ́, kọ́tọ́, ìdí rẹ̀ ń dáhùn lábẹ́ àtàǹpàkò;
bó bá ṣófo pàápàá á máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ lọ́nà ilé,
ìyá mi á gbọ́, á gbé omi kaná.
Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, Málàm Yáhúzà akọ̀wé ṣí ìwé gbàràmù.
Sípánà mẹ́rìnlá, ó pé.
Àtùpà ọwọ́ kan, ó pé.
Agolo epo kan. Ó dà?
Bàbá mi yọ ọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì,
ó fi ìka kan ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Ìjọba ló ni agolo.
Ibi tó tẹ̀ yẹn, tèmi ni."
Málàm bú sẹ́rìn-ín.
Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó buwọ́ lùwé.

Mo fi òjé lẹ ìdí mọ́ ara,
mo bu epo sí i, mo gbé e ka orí ìwé ìròyìn.
Ilẹ̀ mọ́, òrùka epo wà lójú ìwé.
Mo tú u, mo tún un lẹ̀.
Ó tún sunkún.
Lẹ́ẹ̀kẹta mo fi sáńpépà ha etí rẹ̀ títí ó fi pọ́n,
mo fọṣẹ fọ̀ ọ́ bí àwo àlejò.
Ìwé gbẹ.
Mo tẹ̀ ẹ́. Kò fọhùn.
Ìdí ti nípọn jù; ó yadi.
Ó di orí léètì padà, lóru ọjọ́ kejì,
mo ń fá a, mo ń dá ọwọ́ dúró, mo ń fá a,
títí ó fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Kẹ́ẹ́.

Kì í ṣe kọ́tọ́. Ohùn rẹ̀ ga ju ti àtijọ́ lọ,
bí ọmọ tó ń pe orúkọ bàbá-bàbá rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n rí.
Ìbídùn ọmọ mi ti gbà á, ó ti ń kán an sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀,
epo pọ̀ jù, ó ń ro sílẹ̀, n ò bá a wí.
Bóbáì dé pẹ̀lú òòlù kékeré lọ́wọ́:
"Jẹ́ n bá ọ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó lè jọ ti bàbá ẹ."
Mo gba òòlù náà, mo gbé e pamọ́.
Òòlù kọ́ ní í ṣe irú ìyẹn.

Ó wà lójú fèrèsé báyìí, ó ń dán gbinrin,
kò tíì sí ohun kan tó ṣe é.
Ìbídùn ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé.
Wọ́n ti múná lọ.