Kọ́kọ́rọ́ Géètì Halvor

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gba géètì yẹn wọlé
láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Halvor Tveit ló ni oko,
èmi ni mo ni ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú oṣù kọkànlá.
Itan ẹran kan, ìgò ọtí kan, àdéhùn wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
A kò kọ ọ́ sínú ìwé.
Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sínú ìwé?

Ó kú nínú oṣù kẹta, yìnyín kò tíì yọ́ tán.
Ọmọ rẹ̀ wá láti ìlú ńlá pẹ̀lú bàtà tó ń dán,
ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó ń fi fóònù ka iye éékà.
Mi ò bínú sí i.
Gbèsè kò mọ igi tí baba ẹni gbìn.
Kí àgbàdo tó yọmọ, wọ́n ti kan pátákó mọ́ gbogbo igi ẹnu ààlà:
MÁ ṢE WỌLÉ.
Ọ̀kan wà lára igi tí mo fi ọ̀bẹ gé orúkọ ìyàwó mi sí.
Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò mi. Àgádágodo ni wọ́n pààrọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún àgbọ̀nrín.

Mo kan ilẹ̀kùn kiri.
Nílé àkọ́kọ́, ajá ló dá mi lóhùn.
Nílé kejì, obìnrin kan fún mi ní kọ́fí,
ó ní àwọn ará Chicago ti háyà igbó òun;
iye tó dárúkọ, mo sáré gbé kọ́fí mì kí n má bàa rẹ́rìn-ín.
Nílé kẹta, ọkùnrin náà wo irùngbọ̀n mi, ó ní,
“Bàbá, kò tíì rẹ̀ yín ni?”
Mo jókòó sínú ọkọ̀ títí èémí mi fi bo gíláàsì.

“Irà ìjọba ńkọ́?” Signe, ọmọ ọmọ mi, ló sọ ọ́.
Irà ìjọba!
Ibi tí èmi àti Halvor máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀,
tí a ní àwọn tí kò lẹ́nìkan ló ń lọ síbẹ̀.

A wọ bàtà rọ́bà dé itan.
Igi kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́,
ó ti pọ́n, ó ń já bọ́ sí wa lọ́rùn.
Èmi tí mo mọ ilẹ̀ Halvor lóru
bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀,
mo sọnù lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sán tó pọ́n.
Ọmọdé ló mú mi padà.
Lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, mo tún ń kọ́ a-bí-dí ilẹ̀:
ojú ẹsẹ̀, ìgbẹ́, èèpo igi tí ìwo ti bó.
Lọ́jọ́ kẹta, a kan òkìtì gbígbẹ kan láàárín omi,
ipa ẹran mẹ́ta pàdé lórí rẹ̀.
“Ibí ni,” mo ní. Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

Òwúrọ̀ tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀, iná ti wà níbẹ̀.
Ọkùnrin kan jókòó, Nhia Pao Moua, ó ti débẹ̀ láti aago mẹ́rin.
Ọ̀rọ̀ ara pátákó gun orí ahọ́n mi,
mo gbọ́ ọ tó ń kan ehín mi.
Ó pa iná. Ó ní,
“Ibí gba èèyàn mẹ́ta, bí a bá kẹ̀yìn síra.”

Lórí òkè kan ní Láósì ni baba rẹ̀ ti ń dọdẹ
kí ogun tó gba òkè náà.
Kò gbóhùn sókè nígbà tó ń sọ ọ́, ó ń bó ẹyin sísè.
Ó fún Signe ní ààbọ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹran gbà yọ.
Àwa mẹ́ta la wọ́ ọ gba inú omi,
ó gé itan kan, ó nà án sí mi.
Mo bi í pé kí ni mo ṣe. Ó ní, “Ó wúwo.”

Kò sí géètì kankan lọ́nà tí a gbà padà.
Síbẹ̀ ọwọ́ mi ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.