Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk Tún Kú

Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ti pa Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk lálẹ́ yìí,
kí aago mẹ́sàn-án tó lù ní Winnipeg.
Lákọ̀ọ́kọ́, mo gé ibi tí n kò gbọdọ̀ gé.
Lẹ́ẹ̀kejì, n ò so iṣan àlọ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ tú jáde
bí omi ẹ̀rọ tọ́mọdé ṣí sílẹ̀ tó sá lọ.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi kàn gbọ̀n ni.
Mo tẹ bọ́tìnnì:
ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta jí padà,
àyà rẹ̀ pàdé bí èyí tí ọ̀bẹ ò kàn rí,
kò bínú, kò bú mi.

Simran ń jẹ ànàmọ́ díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Ó ní, "Tèmi ti kú lẹ́ẹ̀meje. Fara balẹ̀."
Dókítà Friesen ò sọ̀rọ̀,
ó kàn nawọ́ sójú ẹ̀rọ:
ẹ̀jẹ̀ pupa ń lọ, ẹ̀jẹ̀ dúdú ń bọ̀.

Àlọ. Àbọ̀.
Ohun tí ìyá mi wí ní pápákọ̀ òfurufú nìyẹn:
"Wàá lọ re, wàá bọ̀ re."
Ọdún kẹrin rèé, àlọ nìkan ni mo ṣì mọ̀.

Mo tún abẹ́rẹ́ mú. Mo rán an díẹ̀díẹ̀.
Mo tú ìdè. Mo dúró.
Ọkàn náà lù.
Ó tún lù.
Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Níta, òtútù já mi létí.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, mo di ọrùn ọwọ́ mi mú:
ó ń lù kìkì, kò sì ní bọ́tìnnì.
Obìnrin kan ń dúró de bọ́ọ̀sì,
ẹnu rẹ̀ ń rú èéfín nínú yìnyín.
Kò mọ̀ pé mo ti ń ka tirẹ̀.