Ife Omi Kan ní Ìwáyà

Oṣù mẹ́sàn-án nìwé mi ti wà lórí tábìlì Alàgbà Fìjàbí,
lábẹ́ òkúta róbótó tó fi ń di bébà mọ́lẹ̀ nítorí fáànù.
Ẹni tó lóyún lọ́jọ́ tí mo gbé e wọlé
ti ń fọ́mọ lọ́yàn.

Ojú ìwé mẹ́rìnlá. Kànga ẹ̀rọ mọ́kànlélógún,
láti ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù ní Ìwáyà
títí dé ibi tí ilé ti ń fi òpó igi tẹ ọ̀sà.
Òjé wà nínú mẹ́fà.
Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. N kò bu iyọ̀ sí i,
n kò ta omijé sí i.

Mẹ́sàn-án ni mo kọ́kọ́ kọ.
Òfin ilé iṣẹ́ wa ní Yàbá, ìwé pélébé aláwọ̀ ewé yẹn,
ní kí iṣẹ́ kọ́kọ́ kọjá lójú àjèjì méjì
tí n kò mọ̀, tí wọn ò mọ̀ mí.
Ẹni àkọ́kọ́ kọ ìlà méjì: ó dára, tún kọmá ṣe.
Ẹni kejì, áà, ìkà ènìyàn!
Ojú ìwé mẹ́rin ló fi nà mí.
Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà òjò nìkan lo pọn omi?
Ta ló yẹ ẹ̀rọ rẹ wò?
Ta ló sọ fún ọ pé kì í ṣe páìpù ló ń pọ òjé?
Mo ṣépè fún un lálẹ́ ọjọ́ náà
títí gààrí mi fi wú kọjá ẹnu abọ́.

Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́, nínú ọyẹ́,
èmi àti Mautin tó ń gbé ìgò
dé ìdí ẹ̀rọ kí ìrun àsùbáà tó parí.
A ṣí omi sílẹ̀, mo ka igba kí n tó gbé ìgò sí i.
Àwọn olómi ń wò wá bí ẹni tó ń dalẹ̀ nù.
Mẹ́ta bọ́ nínú mẹ́sàn-án: páìpù ni, lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n mẹ́fà tó kù, nínú ẹ̀rùn, òjé wọn di ìlọ́po méjì.
Àjèjì, níbikíbi tó o bá wà,
mo ká èpè mi kúrò nílẹ̀.
Ìwọ lo gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

Abala keje ló kù:
kí ọ̀gá àgbà bu ọwọ́ lù ú kí ayé tó rí i.
Alàgbà Fìjàbí kì í ṣe èèyàn burúkú.
Òun ló sanwó ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi dákú.
Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó fi etí àgbádá nù ún,
ó ní, “Kọmíṣọ́nnà ló gé ríbọ́ọ̀nù méjì nínú mẹ́fà yìí.
Ṣé o ò lè kọ ‘díẹ̀’ síbi tó o kọ iye?”
Àjèjì tí kò mọ̀ mí bi mí nípa omi.
Ẹni tó mọ orúkọ àwọn ọmọ mi
bi mí nípa ríbọ́ọ̀nù.

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.
Tèmi kò tíì dọ́jà.
Ó wà ní géètì, wọ́n ń bi í ní ìwé àṣẹ.

Lánàá mo tún kọjá ní Ìwáyà.
Ìyá Sẹ̀nami gbé àga fún mi, ó bu omi wá,
omi kànga kẹrìndínlógún,
nínú ife onírin tó mọ́ tó ń dán.
Ó ní, “Àǹtí olómi, èsì wa ńkọ́?”
Mo ní, “Ó ṣì wà lọ́fíìsì.”
Mo gba ife náà lọ́wọ́ méjèèjì, bí ọmọ tí a kọ́.
Mo gbé e lé itan.
A sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, a sọ̀rọ̀ iye epo.
N kò mu ún.
Ó wo ife. Ó wo ojú mi.
Ó pe Sẹ̀nami wọlé,
ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀.