Iyọ̀ Ọ̀sẹ̀ Kan

Ní Ìta-Àmọ̀ n'Ílọrin, níbi tí wọ́n bí mi sí,
bí mágí bá tán, a kì í sọ ìkòkò kalẹ̀.
Wọ́n á ní, "Ráúfù, sáré!"
Kí ọbẹ̀ tó hó lẹ́ẹ̀kejì, mo ti dé,
ṣéńjì sì ti di gúgúrú lẹ́nu mi.

Àmọ́ àgọ́ àwa tí à ń wọn ilẹ̀
wà lẹ́yìn òkè mẹ́ta sí Òmù-Àrán,
níbi tí fóònù ti ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ewúrẹ́ tó sọnù.
Tápólì méjì, ìkòkò kan, ọkùnrin mẹ́fà;
èmi tí mo kéré jù ni ẹsẹ̀ wọn.

Ọ̀gá Adéwọyè ya páálí sìgá, ó kọ ọ́ sí i:
iyọ̀, ìṣáná, kẹrosíìnì gálọ́ọ̀nù kan,
bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ọṣẹ ìfọṣọ.
Ó fa ilà sábẹ́ iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Sáádù tó ń dáná ní, "Gbàgbé ọṣẹ tó o bá fẹ́.
Ọkùnrin lè dọ̀tí kó má jà.
Ẹ̀wà tí kò níyọ̀, ìjà ló ń bí."

Mo rìn. Ìrì mu ṣòkòtò mi dé orúnkún.
Ọ̀bọ kan jókòó sórí igi ìyeyè, ó ń wò mí
bí agbowó-orí tó mọ̀ pé mi ò tíì san.
Oòrùn ti kanrí kí n tó dé ìsọ̀ Bàbá Òjéwùmí,
ìsọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń bá a lọ sóko.
Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ka eèrà.
Nígbà tó dé, ó ní, "Bátìrì? Ó di ọjà mìíràn.
Iyọ̀ wà. Owó ńkọ́?"
Mo ní ọ̀gá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó ṣí ìwé gbèsè: ojú ewé tiwa ti kún dé etí.
Ó wò mí, ó wo bàtà mi, ó wọn iyọ̀,
ó sì kọ orúkọ wa sára ògiri.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe ṣubú.
Òkúta tí mo tẹ̀ láàárọ̀ láàrin odò
kò sí níbẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́,
àbí ẹsẹ̀ mi ni kò sí níbẹ̀.
Ìṣáná wà nínú fìlà mi, kò tutù.
Kẹrosíìnì léfòó, mo lé e bá.
Ṣùgbọ́n ọ̀rá iyọ̀ ya,
omi sì jẹ iyọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú kan,
kò tilẹ̀ lá ètè.
Mo bu omi náà tọ́ wò. Ó tẹ́.
Èmi náà tẹ́.

Sáádù kò bú mi. Ó kàn tú ọ̀rá náà,
ó fi omi gbígbóná ṣan inú rẹ̀ sínú ẹ̀wà.
A jẹun bí ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́.

Láfẹ̀mọ́jú ni Pẹ́ńdò kọjá, ìyàwó Fúlàní tó ń kiri wàrà,
igbá lórí, ọmọ lẹ́yìn.
Ó tọ́ ẹ̀wà àṣẹ́kù wò, ó tutọ́,
ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí.
Nígbà tó padà dé,
òkúta iyọ̀ tí màlúù ń lá ló gbé lọ́wọ́,
ẹ̀gbẹ́ kan dán, níbi tí ahọ́n ti ń kọjá.
Ọ̀gá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Sáádù fi ẹ̀yìn àdá fọ́ ọ.
Bó ṣe bọ́ sínú ìkòkò, gbogbo wa dákẹ́,
lẹ́yìn náà ẹnì kan dún bíi màlúù,
gbogbo wa sì dún títí òkè fi dáhùn.
Páálí ìṣáná mẹ́ta la fún un,
ohun kan ṣoṣo tí mo gbé dé ní gbígbẹ.

Mo ti padà sílé báyìí. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá da iyọ̀ nù,
mo máa ń tẹ̀ ba, mo ń ṣà á ní ẹyọ ẹyọ.
Ní ti orúkọ wa lára ògiri Bàbá Òjéwùmí,
ọ̀gá ní òun ti san án.
Mi ò tíì lọ wò ó.