Igi Ìṣáná Mẹ́wàá

Eruku mábù ni Kàrárà fi ń bọ́jú láàárọ̀.
Ó wà lórí búrẹ́dì, ó wà nínú irun imú,
ó ti wọnú ìlà àtẹ́lẹwọ́ Orẹ́sìte,
agbẹ́-òkúta tó ti ń fi ọdún márùnlélógójì
gbẹ́ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú àwọn ará àdúgbò.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ẹsílíà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
rò pé èèrà ló kú sójú sàréè
tí ẹnikẹ́ni ò gbá a dànù.

"Kì í ṣe èèrà. Òǹkà ni.
Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló fi sílẹ̀ fún wa."
I ni ọ̀kan, V ni márùn-ún, X ni mẹ́wàá,
L ni àádọ́ta, C ni ọgọ́rùn-ún,
D ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, M ni ẹgbẹ̀rún.
Lẹ́tà méje péré.

Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ mẹ́rin ní IIII.
Bàbá àgbà mi orí. Ó kọ V, ó fi I síwájú rẹ̀:
"Kékeré tó bá ṣíwájú àgbà, ó ń dín in kù ni.
Èyí tó bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń fi kún un."
Ọmọ náà nawọ́ sí aago ilé ìjọsìn:
"Kí ló dé tí tiyẹn fi jẹ́ IIII?"
Orẹ́sìte wo aago náà títí.
"Aago yẹn," ó ní, "kò lọ síléèwé."

(Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín.
Àwa náà tí a ń pe mọ́kàndínlógún,
ṣé a ò kọ́kọ́ dé ogún ká tó yọ ọ̀kan kúrò?
Ẹnu wa ti mọ ọ̀nà yìí
kí a tó mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n.)

Lójú ọ̀nà iléèwé, ó ń kà á.
XIV lára ilẹ̀kùn apoògùn.
MDCCLX lára ọpọ́n omi ìgboro: ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì,
ó jókòó tì í títí agogo fi lù.
Olùkọ́ bínú. Aṣọ rẹ̀ tutù.
Ṣùgbọ́n ó ti rí i: ẹgbẹ̀rún kan,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, àti ọgọ́ta.

Lálẹ́ ọjọ́ òjò kan, Orẹ́sìte
to igi ìṣáná mẹ́wàá sórí tábìlì:

XI + I = X

"Irọ́ ni," ni Ẹsílíà wí kíá.
"Sọ ọ́ di òótọ́. Má sì fọwọ́ kan igi kankan."
Ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó fẹ́ fi èémí fẹ́ ẹ, bàbá ní rárá.
Ọbẹ̀ ti tutù. Ó sunkún díẹ̀,
ó nu imú sí apá aṣọ,
ó dìde láti lọ mu omi,
ó gba ẹ̀yìn àga bàbá àgbà kọjá,
ó bojú wo tábìlì láti ibẹ̀,
ó dúró gbagidi.

X = I + IX

"Òótọ́ lẹ ti ń wò látàárọ̀!" ó pariwo.
"Ẹ wá jókòó, ẹ ń jẹ́ kí n máa wo irọ́!"
Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí
eruku fi ń já bọ́ láti ìpéǹpéjú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé òdòdó lọ sí itẹ́ òkú.
ÁRJIÀ. MCMXLVII – MMXIX.
Ọmọ náà fi ìka tọ̀ ọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn,
ó yọ ọdún kúrò nínú ọdún:
"Méjìléláàádọ́rin ni ìyá àgbà."
Ìka rẹ̀ dúró lórí X tó gbẹ̀yìn.
"Èyí wọ́. Ẹ ṣì í gbẹ́."
"Mi ò ṣì í. Mi ò ríran dáadáa lọ́jọ́ náà ni."

Ẹsílíà ò fèsì.
Ó yí òkúta náà ká lọ sí ẹ̀yìn,
bóyá láti ibẹ̀ ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn.
Kò sí nǹkan níbẹ̀. Mábù lásán,
funfun, tí irin kankan ò tíì kàn.